Èrìgì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Nílé, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí Ẹ Lọ Bá Dókítà Èrìgì

Ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá lemọ́lemọ́: "Tí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, itọ́ mi máa ń pọ́n. Ṣé kí n fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná ni?" Rárá o. Ẹ má fi í sílẹ̀. Èrìgì, ìyẹn ẹran tó di ìdí eyín mú, kì í ṣẹ̀jẹ̀ torí pé ẹ fọ ẹnu. Èérí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé, ló ń mú kó wú, kó sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá torí ẹ̀jẹ̀ sá fún ìfọyín, èérí yẹn ló ń fún láyè sí i.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: àrùn èrìgì kì í sábà dunni. Eyín tí kòkòrò jẹ kò ní jẹ́ kí ẹ sùn lóru, ṣùgbọ́n èrìgì lè máa bàjẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora kankan, títí eyín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ má dúró de ìrora.

Ìpele méjì ló ní. Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹran èrìgì nìkan ló wú. Èyí ṣeé wò pátápátá, kó padà sí bó ṣe wà. Ní ìpele kejì, àrùn ti wọ abẹ́ èrìgì, ó ti ń jẹ egungun tó di gbòǹgbò eyín mú, bí ọ̀gbàrá ṣe ń fọ ìdí òpó ilé. Egungun tó bá ti lọ kì í fúnra rẹ̀ padà wá; iṣẹ́ dókítà nígbà náà ni pé kí ó di èyí tó kù mú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ tètè gbé ìgbésẹ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹnu yín wò

Ẹ wá dígí àti tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́, kí ẹ wá tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ fa ètè òkè sókè, ẹ fa ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo etí èrìgì níbi tó ti pàdé eyín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni èrìgì rẹ̀ dúdú, tàbí tó ní àmì dúdú lára, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ohun tí ẹ ń wá ni etí tó pọ́n yàtọ̀ sí ìyókù, tó wú, tó sì ń dán.
2. Ẹ wo ẹran ṣóńṣó tó wà láàárín eyín méjì. Èyí tó dára máa ń lẹ̀ mọ́ eyín típẹ́típẹ́, ṣóńṣó orí rẹ̀ á sì mú. Tó bá ti rí roboto, tàbí tó ti jẹ lọ tí ihò dúdú kékeré wá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ la ẹnu, kí ẹ tan iná sí ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, lápá ahọ́n. Ibẹ̀ ni èérí líle sábà máa ń kọ́kọ́ dì sí, torí pé itọ́ ń jáde nítòsí ibẹ̀. Ohun tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó dúdú, tí èékánná kò lè ha kúrò, òun náà nìyẹn. Ẹ wo eyín ńlá òkè pẹ̀lú, lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́.
4. Ẹ fi ìka tẹ èrìgì díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí rẹ̀. Kò yẹ kí ọyún yọ.
5. Ẹ fi ìka méjì di eyín kọ̀ọ̀kan mú, kí ẹ rọra mì ín síwá sẹ́yìn. Ìmì tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí kì í ṣe nǹkan. Èyí tí ojú rí ni ìṣòro.
6. Ẹ wá fọ́tò yín ti bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, èyí tí ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ṣé eyín ti wá gùn ju bó ṣe wà níbẹ̀ lọ? Ṣé àlàfo tuntun ti yọ níwájú? Èjí tí wọ́n bí mọ́ yín, ẹwà ni. Àlàfo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́yìn tí ẹ ti dàgbà kì í ṣe èjí. Ó lè jẹ́ pé eyín ti ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ torí pé egungun tó dì í mú ń dín kù.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i. Lọ́dọ̀ dókítà, ìwé yẹn wúlò ju "ó ti ṣe díẹ̀" lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá, ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí. Sìgá máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú èrìgì kù, nítorí náà ẹ lè má rí ẹ̀jẹ̀ kankan nígbà tí egungun ti ń bàjẹ́ lábẹ́. Àìrí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà fún yín. Eyín tó ń mì, ọyún, àti eyín tó ń gùn ni kí ẹ máa wò.

## Èyí tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má dúró ra oògùn, ilé ìwòsàn tààrà ni:

- Wíwú lábẹ́ àgbọ̀n tàbí lọ́rùn, tí ẹ kò lè gbé itọ́ mì, tí ẹnu kò ṣí dáadáa, tàbí tí mímí ń ṣòro. Èyí lè pani. Kódà tó bá jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, ẹ gbéra.
- Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, tí ara sì ń gbóná.
- Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn tí ẹ ti fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú.
- Ọmọdé tí egbò wà lára èrìgì rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn gan-an, pàápàá ọmọ tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú tàbí tí èéyì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Irú egbò yìí lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ lu láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan kàn án, tí ara sì ń ní ojú ẹ̀jẹ̀ dúdú láìsí pé ẹ fara gbá nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ kó pẹ́.

## Ọjọ́ 14 tí ẹ máa fi fọ ẹnu bó ṣe yẹ

Tó bá jẹ́ pé ẹran èrìgì nìkan ló wú, tí ẹ sì ń mú èérí kúrò dáadáa lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ á dín kù gan-an láàárín ọjọ́ 10 sí 14. A fẹ́ kí ẹ gbà á bí àyẹ̀wò: ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ 14, apá ìfọyín ilé kò ká a.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tí ẹ fọ̀ kí ẹ tó sùn ṣe pàtàkì ju ti òwúrọ̀ lọ, torí pé itọ́ máa ń dín kù lóru. Ẹ má jẹun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

1. Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ "soft" sí lára páálí rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì kéré tó láti dé ẹ̀yìn eyín ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé èyí tó le ló ń fọ nǹkan mọ́. Èrìgì ló ń bó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí kó tó tó bẹ́ẹ̀ tí irun rẹ̀ bá ti là sọ́tùn-ún sósì.
2. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n kọ "fluoride" sí lára ni kí ẹ lò, ìwọ̀n tó tó hóró ẹ̀wà kan. Kò pọn dandan kó kún ojú búrọ́ọ̀ṣì.
3. Ẹ dorí irun búrọ́ọ̀ṣì kọ etí èrìgì, kí ó dà díẹ̀, kí ìdajì irun náà wà lára eyín, kí ìdajì kan etí èrìgì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà: àárín eyín ni wọ́n ń fọ̀, wọn kì í kan ìdí rẹ̀.
4. Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n lójú kan lára eyín méjì, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ wá gbá a kúrò lápá èrìgì lọ sí orí eyín. Ẹ kọjá sí eyín méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fà á lọ fà á bọ̀ gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọrùn eyín ṣe ń jẹ wọnú.
5. Apá inú, lọ́dọ̀ ahọ́n, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀, agbára àti sùúrù rẹ̀ á ti tán kó tó débẹ̀.
6. Ìṣẹ́jú 2 ó kéré tán. Ẹ fi fóònù ka àkókò ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa rí i pé ó gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ.
7. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ fọ àárín eyín. Ẹ ja okùn ìfọyín tó gùn tó láti ìgunpá yín dé orí ìka, ẹ wé e mọ́ ìka àárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ rọra fà á wọlé pẹ̀lú ìfàlọ-fàbọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín kan, kí ẹ fà á sókè-sódò, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ eyín kejì. Ẹ má tì í wọlé lójijì, á gé èrìgì. Níbi tí àlàfo bá ti wà, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ṣe fún àárín eyín ló dára jù.
8. Ẹ tu ìfófòó dànù. Ẹ má fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn inú ọṣẹ náà lè dúró lára eyín.

Ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí okùn bá kàn. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì dúró. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa rí i pé itọ́ ti ń mọ́.

Ní àsìkò mángòrò, kò sẹ́ni tí kò mọ bí fọ́nrán mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń há sáàárín eyín. Ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹran súyà náà ń há bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé àárín eyín kan náà ni oúnjẹ ń há sí nígbà gbogbo, ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹ máa fi han dókítà, torí ibẹ̀ ni àpò, ìyẹn ihò tó ń jìn sí i láàárín èrìgì àti eyín, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

### Ẹ̀yin tí ẹ ń run pákò

Ẹ kò ní láti fi pákò sílẹ̀. Orín àtà tí ẹ rà ní Ọjà Akẹ̀sán tàbí Ọjà Jagun lè fọ iwájú eyín mọ́ dáadáa, tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n run. Ibi tí pákò ti ń kùnà ni inú eyín ẹ̀yìn àti àárín eyín, ibẹ̀ náà ni àrùn èrìgì sì fẹ́ràn jù.

- Ẹ rún orí rẹ̀ títí á fi di búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Igi tí kò tíì rọ̀, tí ẹ sì ń fà lára èrìgì, á bó o.
- Láti èrìgì lọ sí orí eyín ni kí ẹ máa gbá a, kì í ṣe láti ọ̀tún sí òsì.
- Ẹ tẹ orí rẹ̀ kí ó dé ẹ̀yìn eyín iwájú pẹ̀lú.
- Ẹ gé ibi tí ẹ ti lò kúrò lójoojúmọ́, kí ẹ rún tuntun. Pákò ọjọ́ mẹ́ta inú àpò ṣòkòtò, ìdọ̀tí ni ẹ ń dá padà sẹ́nu.
- Lálẹ́, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tó ní fluoride.

Orín àtà máa ń ta, ó sì máa ń jẹ́ kí ẹnu kú díẹ̀. Ara tí ó fi tù yín kò túmọ̀ sí pé àrùn ti lọ.

### Omi iyọ̀ àti omi ìṣanu

Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan. Ẹ fi ṣan ẹnu fún ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ tu ú dànù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Ó ń mú wíwú rọlẹ̀. Kò lè mú èérí kúrò, nítorí náà kò lè rọ́pò búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má gbé e mì.

Omi ìṣanu tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine wà lọ́dọ̀ apòògùn. Tó bá jẹ́ ti 0.2%, ìlò àgbàlagbà ni mílílítà 10, ìṣẹ́jú kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi ìdajì wákàtí sáàárín òun àti ọṣẹ ìfọyín, torí ọṣẹ máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ má kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀: á sọ eyín di ràkọ̀ràkọ̀, á sì yí ìtọ́wò ẹnu padà. Kì í ṣe ohun tí a ń lò títí ayé.

## Àwọn àṣìṣe tó ń ba ẹnu jẹ́

Èyí tó burú jù tí a ń gbọ́ ni omi bátìrì. Ásíìdì ni. Á jó èrìgì, á jó eyín, á sì jó ọ̀fun tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún yín. Ásípíríìnì tí wọ́n ń fi lé èrìgì náà ń jó o, ojú ibẹ̀ á funfun, ẹran rẹ̀ á sì bó. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí láti fọ eyín di funfun ń jẹ ara eyín. Aṣáà tí wọ́n ń fi sí ìdí eyín "kó lè pa kòkòrò" ń ba èrìgì jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹnu.

Kápúsù tí wọ́n ń tú sójú eyín, tàbí tí wọ́n ń gbé mì fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dá a dúró, kò wo àrùn èrìgì. Àwọn oògùn wọ̀nyí lè mú wíwú rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èérí tó ti le wà níbẹ̀ síbẹ̀, wíwú á sì padà. Tetracycline, ọ̀kan nínú irú oògùn yìí, kì í ṣe ti aboyún, kì í sì í ṣe ti ọmọ kékeré: ó ń sọ eyín ọmọ di aláwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ títí ayé.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́, pín-ìn-nì tàbí ọwọ̀ ìgbálẹ̀ ta eyín. Òwú ìránṣọ náà ń gé èrìgì. Ìtayín onígi ṣeé lò fún ohun tó há tí ojú rí, ẹ má ti ṣóńṣó rẹ̀ wọ ìdí èrìgì.

Ẹ máa ń sọ pé, "Wọ́n fọ eyín fún màmá wa, eyín wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì." A mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tàn kálẹ̀ tó, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: egungun ti lọ tipẹ́, èérí líle ló so eyín pọ̀ mọ́ ara wọn tí wọn kò fi mì. Tí wọ́n bá wá mú un kúrò, òótọ́ á hàn. Ẹ jẹ́ kí màmá yín ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n má baà rò pé dókítà ló ba eyín wọn jẹ́.

## Àwọn tí kò yẹ kí wọ́n dúró de ọjọ́ 14

Alátọ̀gbẹ. Ṣúgà tó ga ń mú kí àrùn èrìgì yára, àrùn èrìgì náà sì ń mú kí ṣúgà ṣòro láti káwọ́. Tí ṣúgà yín bá ń ga láìka oògùn sí, ẹ ní kí wọ́n wo ẹnu yín. Ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín, kí ẹ tó jáde lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Aboyún. Èrìgì máa ń yára wú nínú oyún. Fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà kò léwu fún ọmọ inú; oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù láti jókòó sí àga rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ lóyún kí wọ́n tó ya x-ray tàbí kọ oògùn.

Ẹni tó ń lo oògùn kan. Amlodipine àti nifedipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti phenytoin fún wárápá, lè mú kí èrìgì wú kó sì bo eyín. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín! Ẹ sọ fún dókítà tó kọ ọ́, òun ló mọ̀ bóyá ó ṣeé pààrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi irinṣẹ́ kan kan yín lẹ́nu.

Egbò ẹnu, tàbí kókó lára èrìgì, tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, kódà kó má dunni. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹnu ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

## Lọ́dọ̀ dókítà eyín

Ẹ lọ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ọjọ́ 14, tàbí tí ẹ bá ti rí èérí líle, ọyún, tàbí eyín tó ń mì. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè mú èérí tó ti le kúrò, irinṣẹ́ ni.

Ohun tí ẹ máa bi wọ́n, kí ẹ má kàn jókòó ni: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mílímítà mélòó ni ẹ bá níbẹ̀?" Wọ́n ní igi irin tín-ín-rín kan tí wọ́n fàmì sí lára, tí wọ́n ń rọra kì bọ àárín èrìgì àti eyín, ojú mẹ́fà lára eyín kan. Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n bá kà nìyí:

- 1 sí 3: ó dára.
- 4 sí 5: àpò ti ń dá. Dókítà eyín lè fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó sì tún yín wò.
- 6 sókè: ó ti jìn. Ọ̀rọ̀ dókítà èrìgì ti wọ̀ ọ́.

Tí wọ́n bá kàn fọ eyín yín tó ń dán tí wọn kò wọn nǹkan kan, tí ẹ sì ní eyín tó ń mì, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè fún ìwọ̀n náà. Ẹ̀tọ́ yín ni.

## Ìgbà tó di ti dókítà èrìgì

Dókítà èrìgì jẹ́ dókítà eyín tó tún kọ́ ẹ̀kọ́ sí i lórí èrìgì àti egungun tó di eyín mú nìkan. Ẹ béèrè fún ìwé ìfiránṣẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá wà:

- àpò tó jìn tó mílímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ;
- àpò tí kò dín kù ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí dókítà eyín ti fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀;
- eyín àgbàlagbà tó ń mì tàbí tó ń ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ láìsí pé nǹkan gbá a;
- ọ̀dọ́ tí egungun eyín rẹ̀ ti ń lọ, pàápàá tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pàdánù eyín láti kékeré. Àrùn èrìgì ọ̀dọ́ máa ń sáré; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó kéré jù láti ní in;
- èrìgì tó ti wálẹ̀ débi pé gbòǹgbò hàn, tó sì ń wálẹ̀ sí i;
- ọyún tó ń padà wá síbì kan náà.

Tí ẹnì kan bá ní kí àwọn yọ eyín mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà torí pé wọ́n ń mì, tí kò sì sí ìrora tàbí ewu kankan, ẹ lọ gbọ́ ohun tí dókítà èrìgì máa sọ kí ẹ tó gbà. Kì í ṣe gbogbo eyín tó ń mì ló ti kú. Àwọn kan ṣeé fọ̀, kí wọ́n sì so wọ́n mọ́ eyín ẹ̀gbẹ́ wọn.

## Láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́

Nílé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ béèrè nípa ìtọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ ti LAUTECH àti ti Bowen; ní Ọ̀yọ́, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀. Ìfọyín àti ìwọ̀n àkọ́kọ́ kò yẹ kó gbé yín dé Ìbàdàn.

Tí wọ́n bá kọ ìwé fún yín, UCH, ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka èrìgì tirẹ̀. Ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wọn, ẹ béèrè "Periodontology". Orúkọ yẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìrìn bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni. Láti Ọ̀yọ́, bí ìdajì rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ OAU ní Ilé-Ifẹ̀ náà ń tọ́jú èrìgì.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò:

- Ẹ wádìí ọjọ́ tí wọ́n ń rí aláìsàn èrìgì, àti bóyá wọn kò sí lórí ìyanṣẹ́lódì.
- Tí ẹ bá wà lórí ètò adójútòfò ìlera, ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n forúkọ yín sí ló gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìfiránṣẹ́. Ẹ béèrè ohun tó san àti ohun tí kò san.
- Ẹ mú ìwé ìwọ̀n, x-ray tó bá wà, páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti ìwé àyẹ̀wò ṣúgà.
- Ẹ béèrè owó káàdì, ti x-ray àti ti ìfọyín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí owó má baà tán lọ́wọ́ yín ní ìdajì ọ̀nà.
- Ẹ tètè jí, kí ẹ jẹun.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló máa fọ̀ yín lẹ́nu, lábẹ́ ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fara balẹ̀.

## Ohun tí wọ́n máa ṣe, àti bí ara ṣe máa rí lẹ́yìn rẹ̀

Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìrora, wọ́n á sì fọ gbòǹgbò eyín lábẹ́ èrìgì. Nígbà mìíràn wọ́n á pín in sí ìgbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á tún un wọ̀n. Ibi tó bá ṣì jìn nìkan ni wọ́n lè sọ pé kí àwọn ṣí èrìgì láti fọ̀, kí wọ́n sì rán an padà. Ẹ má gbà fún iṣẹ́ abẹ láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣe ìfọ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ti tún un wọ̀n, àfi tí dókítà bá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín.

Lẹ́yìn ìfọ̀ yìí, omi tútù lè máa ta eyín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èrìgì tó ti wú á fún, eyín á wá dà bí ẹni pé ó gùn, àlàfo á sì hàn. Ìwòsàn ni. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àárín eyín ló wúlò jù nígbà yìí, ẹ ní kí wọ́n yan ìwọ̀n tó bá àlàfo yín mu, kí wọ́n sì fi bí ẹ ṣe máa lò ó hàn yín nínú dígí.

Èérí á máa padà dì, nítorí náà ẹni tí egungun rẹ̀ ti lọ gbọ́dọ̀ máa padà lọ, oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́fà mẹ́fà, bí dókítà bá ṣe là á. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ Ìbàdàn nígbà gbogbo. Tí ìwọ̀n kò bá yí padà fún bí ọdún kan, ẹ bi dókítà èrìgì bóyá dókítà eyín ìlú yín lè máa bá a lọ, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé ìwọ̀n tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.